Bí Ó Bá Ní Rárá, Kí Ni Yóò Jẹ? Ìtàn Ìfẹ́ ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ kò ṣàjèjì sí wa mọ́. A ti kà wọ́n nínú ìwé, a ti wò wọ́n nínú fíìmù, a sì ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń rí. Ilé ńlá kan yóò wà lórí òkè, pápá tútù yọ̀yọ̀ yóò yí i ká, àwọn ènìyàn yóò máa gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ síbi ijó alẹ́. Ọmọge kan yóò wà tí kò lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọkùnrin olówó kan yóò wà tí ìgbéraga kò jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Wọn á kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀, wọn á wá fẹ́ ara wọn. Bí a bá parí rẹ̀, a ó mí kanlẹ̀, a ó ní ìfẹ́ ti borí owó.

A kò wá láti ba adùn yẹn jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni kí ó ká ẹní sókè wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ fi ká ẹní yìí: nígbà tí ọkùnrin bá dúró níwájú ọmọbìnrin, tí ó ní òun fẹ́ fi í ṣe aya, bí ọmọbìnrin náà bá ní rárá, kí ni yóò jẹ? A ó kọ́kọ́ bi ìwé Jane Austen tí ń jẹ́ Pride and Prejudice ní ìbéèrè yìí. A ó bi ìgbésí ayé Austen fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó bi ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn tí ìwé náà jáde.

Ìṣirò tó wà nínú ìwé náà

Ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1813 ni Pride and Prejudice jáde ní London. Orúkọ Austen kò sí lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ Sense and Sensibility ló kọ ọ́. Ní Hertfordshire ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Longbourn. Ọ̀gbẹ́ni Bennet ní ilé àti ilẹ̀ níbẹ̀ tí ń mú £2,000 wọlé fún un lọ́dọọdún. Ó bí ọmọbìnrin márùn-ún, kò bí ọkùnrin kankan.

Àwa tí a mọ̀ pé nínú àṣà pínpín ogún Yorùbá, yálà orí-ò-jorí ni wọ́n fi pín in tàbí ìdí igi, ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún bàbá rẹ̀, lè rò pé ọmọ márùn-ún ni yóò pín ilẹ̀ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ṣáájú ti fi ìwé òfin dè é pé ọkùnrin nìkan ni yóò máa jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran. Ọ̀gbẹ́ni Bennet kò lè tà á, kò sì lè fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kú, ìbátan rẹ̀ ọkùnrin kan, àlùfáà tí ń jẹ́ Collins, ni yóò kó wọlé. Ìyàwó àti ọmọ yóò sì kó jáde. Ìdí tí àwọn onílẹ̀ fi ń ṣe èyí kò pamọ́: wọn kò fẹ́ kí ilẹ̀ já sí wẹ́wẹ́, nítorí ilẹ̀ ni ọlá, ilẹ̀ náà sì ni agbára nínú òṣèlú.

Kí ló wá kù fún àwọn ọmọbìnrin náà? Owó ìyá wọn, £5,000, ni wọn yóò pín lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìpín Elizabeth, ọmọ kejì, yóò jẹ́ nǹkan bí £1,000. Èlé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni owó náà ń mú wá, èyí já sí £40 lọ́dún. Collins fúnra rẹ̀ ló ka ìṣirò yìí sí i létí lọ́jọ́ tí ó wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ wá fi £40 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ £10,000 tí Ọ̀gbẹ́ni Darcy ń gbà lọ́dọọdún. Ti Darcy fi ìgbà 250 ju tirẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ wa, ẹbí ọkọ ló ń gbé ẹrù ìdána wá. Láàárín àwọn onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, owó máa ń bá ìyàwó lọ sílé ọkọ ni. Ọmọbìnrin tí kò ní owó tí yóò mú lọ kò yàtọ̀ sí ọjà tí kò ní oníbàárà, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ìdí nìyí tí Wickham, ọmọkùnrin arẹwà inú ìwé náà, fi fẹ́ gbé Georgiana, àbúrò Darcy, sá lọ nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 15 péré. Georgiana ní £30,000. Owó ló ń wá, kì í ṣe ìyàwó.

Nínú ayé tó rí báyìí ni Collins ti wá bá Elizabeth. Bí Elizabeth bá gbà, ilé kò ní bọ́ lọ́wọ́ ìyá àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Ó ní rárá. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè, àwa òǹkàwé sì ń rẹ́rìn-ín ìyá náà láti ọdún 1813 títí di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá tún ìṣirò ṣe, ìyá yẹn nìkan ló ń ronú nípa ibi tí wọn yóò sùn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Collins ti lọ bá ọ̀rẹ́ Elizabeth, Charlotte Lucas, Charlotte sì gbà. Ọmọ ọdún 27 ni, kò lẹ́wà, kò lówó. Kò pe Collins ní ọlọ́gbọ́n, kò sì tan ara rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ilé tirẹ̀ ló fẹ́, òrùlé tí kò ní jẹ́ ti bàbá tàbí ti arákùnrin. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ya Elizabeth lẹ́nu, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fi Charlotte ṣẹ̀sín. Ó jẹ́ kí a rí i nínú ilé rẹ̀ ní Kent, níbi tí ó ti ṣètò yàrá tirẹ̀ lọ́nà tí ọkọ rẹ̀ kò fi ní máa wọlé tọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́.

Òfin tó dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé “bẹ́ẹ̀ ni” kò ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1765, William Blackstone, ọ̀mọ̀wé nípa òfin, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ohun tó ṣàlàyé nípa tọkọtaya ni pé lójú òfin, ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n, ọkọ sì ni ẹni náà. Owó ọwọ́ ìyàwó di ti ọkọ, ẹrù rẹ̀ di ti ọkọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ náà di ti ọkọ. Bí ó bá ní ilẹ̀, ọkọ ni yóò máa darí rẹ̀. Àwọn olówó nìkan ló lè sanwó fún agbẹjọ́rò kí ó ṣe ìwé àdéhùn tí yóò dáàbò bo owó ọmọbìnrin wọn. Bí ìgbéyàwó bá sì dàrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀nà àbájáde. Títí di ọdún 1857, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìyàwó tàbí ọkọ kí ó sì tún fẹ́ ẹlòmíràn ní láti jẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan fún un ní òun nìkan. Ta ló lówó rẹ̀?

Òfin kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ ìgbèríko ń jẹ lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1753. Ó ní kí ìgbéyàwó tó lè múlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìkéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè lo ìwé àṣẹ láì jẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ìkéde ni, òbí lè dìde kí ó ní òun kò gbà. Ẹ̀rù pé àwọn ọkùnrin yóò máa tan ọmọ olówó lọ ṣe ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ wà lára ohun tó bí òfin yìí. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Scotland. Bí ènìyàn bá ti kọjá ẹnubodè, abúlé Gretna Green ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè so yín pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí Gretna Green ṣe wọ inú ìwé ìtàn ìfẹ́ nìyẹn.

Lydia, àbíkẹ́yìn ilé Bennet, ọmọ ọdún 16, kọ̀wé sílẹ̀ pé Gretna Green ni òun àti Wickham ń lọ. London ni Wickham gbé e lọ, kò sì sí ìgbéyàwó kankan lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀gbin náà kò ní mọ sórí Lydia nìkan. Ilẹ̀kùn ọkọ yóò tì mọ́ àwọn arábìnrin mẹ́rin yòókù lójú. Kí ló yanjú ọ̀rọ̀ náà? Owó ni. Darcy san gbèsè Wickham tó ju £1,000 lọ, ó fi £1,000 mìíràn kún owó Lydia, ó sì ra ipò fún Wickham nínú iṣẹ́ ológun. Èyí ni ìdí kan tí Elizabeth fi wá rí Darcy gẹ́gẹ́ bí ènìyàn gidi. A ní ìfẹ́ borí owó, ṣùgbọ́n níbí yìí, owó ló la ọ̀nà fún ìfẹ́.

Ṣáájú èyí, ní Kent, nílé Charlotte, Darcy ti kọ́kọ́ wá bá Elizabeth. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé rẹ̀ kò tó ẹgbẹ́ òun. Elizabeth, ẹni tí £40 lọ́dún ń dúró dè, kọ £10,000 lọ́dún lójú ẹni tó ni ín. Àwọn òǹkàwé ọdún 1813 mọ iye tí “rárá” yẹn jẹ, ìdí nìyẹn tí ó fi gún wọn lára. Òǹkọ̀wé wá ṣe ohun tí ìtàn ìfẹ́ máa ń ṣe: ó sọ “rárá” náà di ọ̀fẹ́. Darcy yí padà, ó tún padà wá, Elizabeth sì di ìyálé ilé ní Pemberley ní Derbyshire. Kò pàdánù nǹkan kan.

Òru ọjọ́ kan ní Manydown

Ayé Austen fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni, wọ́n bí i ní Steventon ní Hampshire ní 1775. Ní oṣù kejìlá ọdún 1802, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Cassandra lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Manydown, ilé ńlá kan tí kò jìnnà sí Steventon. Arákùnrin àwọn ọ̀rẹ́ náà, Harris Bigg-Wither, ọmọ ọdún 21, ni àrólé ilé náà. Ó ní òun fẹ́ fi Jane ṣe aya. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí Jane pé ọdún 27, ọjọ́ orí tí ó padà fún Charlotte Lucas nínú ìwé rẹ̀.

Jane gbà. Gbogbo ilé yọ̀. Ilẹ̀ mọ́, Jane ní òun kò ṣe mọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ilé náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò sí ìwé kankan láti ọwọ́ rẹ̀ tó sọ ohun tó rò lóru yẹn, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n a lè ka ohun tó kọ̀. Ó kọ ilé ńlá, ó kọ ilẹ̀, ó kọ ibi tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìbá forí pamọ́ sí. Ohun tó tẹ̀ lé e hàn kedere. Bàbá rẹ̀ kú ní Bath ní 1805, owó àlùfáà sì dúró. Àwọn arákùnrin rẹ̀ ní láti dáwó jọ kí òun, ìyá rẹ̀ àti Cassandra tó lè jẹun. Wọ́n ń ṣí láti ilé kan dé òmíràn títí di 1809, nígbà tí Edward, arákùnrin rẹ̀ tí àwọn ìbátan olówó ti sọ di ọmọ wọn, fún wọn ní ilé kékeré kan ní Chawton. Níbẹ̀ ló ti tún Pride and Prejudice ṣe, ìwé tí atẹ̀wé kan ti kọ̀ láì wò ó ní 1797. £110 ló ta ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ pátápátá. Ó kú ní 1817 ní ẹni ọdún 41, kò sì sí èyí tó gbé orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ìwé tó jáde nígbà ayé rẹ̀.

Darcy kankan kò padà wá. “Rárá” ti Austen ní iye, ó sì san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 14 àti ààbọ̀.

Àìná ní Kent àti ní Brighton

Ọmọ Yorùbá kan tó gbé ní Kent, níbi tí Elizabeth ti kọ Darcy nínú ìwé, jókòó kọ lẹ́tà ní 1861 lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àìná ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni, tí a ń pè ní Yewa lónìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ nípasẹ̀ Ọ̀gákọ̀ Frederick Forbes. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sọ ọ́, ó di Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin gba ìtọ́jú rẹ̀, ó sì ń san owó ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó lo ọdún mélòó kan nílé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ní Freetown, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1855, wọ́n sì fi í sílé Ìyáàfin Schön àti ọkọ rẹ̀, míṣọ́nnárì, ní Gillingham ní Kent. Màmá ló ń pe Ìyáàfin Schön.

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ni James Pinson Labulo Davies, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, ológun ojú omi tẹ́lẹ̀, tó ti di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi kan ọkùnrin náà: ó lówó, ó kàwé, ọmọlúàbí ni. Àìná ní rárá.

Lẹ́tà tó kọ sí Ìyáàfin Schön ṣì wà. Ó ní àwọn ènìyàn á máa sọ pé ọkùnrin náà dára, pé bí òun kò bá tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ báyìí, òun yóò fẹ́ràn rẹ̀ bó bá yá. Ó ní òun kò gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé olówó ni. Ó wá béèrè bóyá kí òun fi ìfọ̀kànbalẹ̀ òun ṣe pàṣípààrọ̀ owó, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé láéláé. Bí ènìyàn bá pa orúkọ rẹ́ lára lẹ́tà yìí, a ó rò pé inú ìwé Austen la ti yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni Àìná yóò jẹ? Kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ilẹ̀, kò ní £1,000 níbi kankan. Oúnjẹ àti òrùlé rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ààfin, Ààfin sì fẹ́ ìgbéyàwó náà. Wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ Màmá rẹ̀ ní Kent, wọ́n fi í sọ́dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan ní Brighton, níbi tí inú rẹ̀ kò ti dùn rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Èrò pọ̀ lọ́nà, àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Camille Silvy ya fọ́tò wọn ní London, àwọn fọ́tò náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí pẹ̀lú àkọlé pé ìtàn ìfẹ́ aládùn ni.

A kò sọ pé ayé tọkọtaya náà korò. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, àkọ́bí ń jẹ́ Victoria, Èkó sì di ilé wọn. Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Àìná ní Madeira ní 1880, ọkọ rẹ̀ gbé òpó ìrántí kan nàró fún un ní oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí ìfẹ́ ti wọlé nígbà tó yá. Ohun tí a ń sọ ni pé “bẹ́ẹ̀ ni” tó sọ ní Brighton kò fi òmìnira wá, lẹ́tà tó kọ sì jẹ́ ẹ̀rí.

Ohun tí a rí kọ́

Obìnrin mẹ́rin la ti rí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì mọ ìṣirò náà. Kò sí èyí tí ojú fọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbà fún àwọn tó máa ń sọ pé àwọn obìnrin àtijọ́ kò rò ó, wọ́n kàn ń lọ ibi tí wọ́n bá fà wọ́n sí ni, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n rò ó. Agbára “rárá” wọn kò ju ohun tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ: ilé ta ni, owó ta ni, òfin wo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1870 kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí obìnrin tó wà nílé ọkọ di owó iṣẹ́ rẹ̀ mú, ó sì di 1882 kí ó tó lè ní dúkìá tirẹ̀ bí ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin ló jà fún un. Ìfẹ́ Darcy kọ́ ló mú un wá.

Nítorí náà, ẹ máa ka àwọn ìtàn yẹn, ẹ sì máa wò wọ́n. Kí a kàn máa ka ìṣirò owó inú wọn pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ wọ́n ṣe kà á. Kí a sì má fi fọ́tò tí Silvy yà nìkan sọ ìtàn Àìná. Nínú ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní Brighton, orúkọ tó fi síwájú Sarah ni Ina, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Lẹ́tà tó kọ sí Màmá rẹ̀ náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.